Mo Gbọ́ Dẹ̀dẹ̀ Lódì ní Kútọnu

Ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta péré ni, àmọ́ bí mo ṣe pète ẹ̀, ẹ máa rò pé Mẹ́kà ni mò ń lọ. Gbogbo ẹ̀ ti tò sórí mi. Fráídè a gbéra, Fráídè náà a dé, Màmá Kútọnu á rí mi, á ní òun fẹ́ mi, ó parí. Sátidé mo máa lọ ra aṣọ ní ọjà Tọ́kpá, mo máa lọ wo òkun, mo máa ya fọ́tò tó máa dun àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìjòkù. Sọ́ńdè a padà sí Ṣàgámù. Kí ló le níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó ń jẹ́ Màmá Kútọnu fún yín. Wàsíù lorúkọ ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, ọmọ Ìpara ni. Ìyá tó bí i kú nígbà tó ṣì kéré, ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ ló wá mú un lọ sí Kútọnu. Ibẹ̀ ló dàgbà sí kó tó padà wálé wá kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ yẹn ni Màmá Kútọnu. Eegun wọn ò gba mọ́tò tó jìn mọ́, wọ́n wá ránṣẹ́ pé kò sí ìyàwó tó máa wọlé Wàsíù tí àwọn ò ní fojú ara àwọn rí. Bàbá mi ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi Wàsíù pé tí Màmá bá wá rí mi tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ńkọ́? Ó ronú, ó ronú, ó ní òun ò lè kọjá Màmá. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin o. Ọdún méjì tí mo ti ń gbọ́ "mò ń bọ̀" lẹ́nu ẹ̀, tí mo sì ń dúró.

Ibi tí wàhálà wà ni pé gbogbo Sábó ní Ṣàgámù ló mọ̀ pé mi ò kì í gbà fún èèyàn. Obì la ń tà nílé wa, bàbá mi ní ìsọ̀, èmi ni mò ń bá àwọn oníbàárà dúnàá dúrà. Tí èèyàn bá fọwọ́ ro obì mi bí ẹni ro àmàlà, tó tún wá ní kò pọ́n, mo máa sọ fún un ibi tó ti máa rí èyí tó pọ́n. Ìyá mi mọ̀ mí, ló ṣe jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, wọ́n pè mí sínú yàrá. Wọ́n ní, "Rúkà, ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní kó o fi ya odi. Tó o bá padà dé, máa bú gbogbo ayé."

Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ò gbà mí gbọ́, wọ́n ní kí Àǹtí Súrà bá mi lọ. Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Súrà, wọ́n sanra, wọ́n nífẹ̀ẹ́ oúnjẹ, wọn ò sì kánjú nínú ohunkóhun láyé. Iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ wọ́n kò ju ẹyọ kan lọ: tí mo bá ti fẹ́ lanu sọ ìsọkúsọ, kí wọ́n tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí a fi wà ní páàkì mọ́tò Abẹ́òkúta ní Ṣàgámù. Otútù ń mú, ìrì ti bo gíláàsì mọ́tò, dírẹ́bà ń fi bébà nù ún. Àwọn tó máa ń lọ Kútọnu láti ọ̀dọ̀ wa, Èkó ni wọ́n máa ń gbà, àmọ́ èmi ò lè jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n má bínú. Mo ní Abẹ́òkúta la máa gbà, ká já sí Ìlaró, ká gba Ìdí-Ìrókò sọdá. Ọ̀nà yẹn dáa títí dé ibì kan, lẹ́yìn náà ó di kòtò, ó tún dáa, ó tún di kòtò, bí ẹni tó ń ṣe ìlérí tó sì ń yẹ̀ ẹ́. Àǹtí Súrà ra ọ̀lẹ̀lẹ̀ ní Abẹ́òkúta, wọ́n ra ẹ̀pà ní Ìlaró, wọ́n tún fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ra àgbàdo sísè níbi tí mọ́tò ti dẹ̀rìn fún màlúù. Mo ní Àǹtí, oúnjẹ wà ní Kútọnu. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi?

Ní bodè, wọ́n wo ìwé wa, wọ́n lù ú lóǹtẹ̀. Ọ̀gá kan ṣí ewé lórí apẹ̀rẹ̀ obì tí bàbá mi fi ránṣẹ́ sí Màmá, ó bi mí pé ṣé gbogbo èyí, ẹnì kan ló fẹ́ jẹ ẹ́. Mo ti lanu. Ẹsẹ̀ Àǹtí Súrà dé sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ẹ̀bùn ni." Ó ní ká máa lọ. Ẹ wò ó, mo ti ń ṣe dáadáa.

Ìgólò lorúkọ ìlú tó wà ní òdìkejì. Ká ní wọn ò ṣẹ́ owó náírà wa sí sẹfá, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ti kúrò nílé. Yorùbá ni gbogbo ẹni tí mo rí níbẹ̀ ń sọ. Ọmọbìnrin tó ta síìmù fún mi, Yorùbá. Ìyá tó ń ta omi, Yorùbá. Ohun tó yàtọ̀ ni àwọn ìgò ńláńlá tí wọ́n tò sẹ́bàá ọ̀nà lórí tábìlì, ohun pípọ́n rẹ́súrẹ́sú kan wà nínú ẹ̀, oòrùn ń tàn án lára. Àǹtí Súrà ní, "Oyin wọn mà pọ̀ o, wọn ò tiẹ̀ fi pa mọ́ fún eṣinṣin." Wọ́n ti ń tú owó nídìí ìró. Ọkùnrin kan wá gbé alùpùpù dúró, wọ́n da oyin ọ̀hún sínú táǹkì ẹ̀. Epo bẹntiróòlù ni. Àǹtí Súrà ká owó wọn padà sídìí ìró, a lọ sídìí mọ́tò.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ dẹ̀dẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Mọ́tò tó ń lọ Kútọnu jẹ́ káà àtijọ́ kan, wọ́n máa ń kó èèyàn méjì síwájú, mẹ́rin sẹ́yìn. Èmi àti Àǹtí jókòó sẹ́yìn, ó ku èèyàn díẹ̀ kó kún. Dírẹ́bà jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà, ó fẹ̀yìn ti ìdí igi, ó ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbá ekuru lára bàtà ẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo la ń lọ?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ọwọ́ ṣe báyìí bí ẹni tó ń fọwọ́ pa ọmọ lórí, ó ní, "Dẹ̀dẹ̀."

Ẹ̀yin ará ilé, kí ni dẹ̀dẹ̀? Tí wọ́n bá ní ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ó ti dé ẹnu ọ̀nà ni? Gbogbo ẹni tó wà ní Ìgólò ló ń sọ Yorùbá, kí ló máa mú mi rò pé dírẹ́bà ń sọ nǹkan mìíràn? Mo jókòó dáadáa. Àǹtí Súrà ní àwọn fẹ́ lọ ra búrẹ́dì gígùn kan tí wọ́n ń tà lókè, èyí tó rí bí ọmọ odó. Mo ní ẹ jókòó, a ti fẹ́ lọ, dírẹ́bà ní ó kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ̀. Mo ní ẹ mú un mọ́ra.

Mọ́tò ò lọ. Oòrùn kúrò lápá kan, ó bọ́ sí apá kejì. Mo tún bi dírẹ́bà, dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó síwájú sọ̀ kalẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, ó sùn. Obì mi ń gbóná nínú ewé, mò ń da omi sí i. Mo tún bi dírẹ́bà, ó tún fọwọ́ pa orí ọmọ tí mi ò rí, dẹ̀dẹ̀. Àǹtí Súrà ti di itan méjèèjì pọ̀. Nígbà tí mọ́tò máa fi gbéra, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Sákétè la ti rí ilé ìyàgbẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí orúkọ mi. Bí wọ́n ṣe wá pè é, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Láti Àjàṣẹ́ lọ, ọ̀nà dán bí àwo. Ọ̀sà wà lápá ọ̀tún, àwọn ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà lórí ẹ̀ tí wọn ò jọ pé wọ́n ń lọ síbì kankan. Afẹ́fẹ́ tútù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ó ní iyọ̀ lára. Mo gbà, Kútọnu mọ́. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sáré níbẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ń gbá a bí ẹni tó ń ya àwòrán. Ọlọ́jà ti ìsọ̀ ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sùn sí ẹnu ọ̀nà. Ní Sábó, tó o bá ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, wọ́n máa wá kí ẹ kú àṣẹ̀yìndè.

Alùpùpù ni wọ́n fi ń rìn nínú ìlú. Àwọn tó ń gùn ún máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, zémìjàn ni wọ́n ń pè wọ́n. A gba méjì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sẹfá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Súrà bọ́ sórí tiwọn, táyà lọ sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀. Èmi gbé apẹ̀rẹ̀ obì sórí itan, mò ń sọ fún tèmi pé kó tẹ iná mọ́ ọn, wọ́n ń dúró dè wá. Mò ń lù ú léjìká. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Dẹ̀dẹ̀, tàtá, dẹ̀dẹ̀." Àǹtí ni wọ́n ń pè ní tàtá, ìyẹn yé mi. Ẹ̀n-ẹ́n, a ti fẹ́ dé. Ni mo bá fi síìmù tuntun pe Màmá Kútọnu nínú afẹ́fẹ́ yẹn, mo pariwo pé, "Màmá, a kù sí dẹ̀dẹ̀ o. Dẹ̀dẹ̀!" Màmá ní ó dáa, ọmọ mi, ó dáa.

A rìn títí. A kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, a kọjá mọ́sálásí, a tún kọjá ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a dé ilé, ìlẹ̀kùn ti wà ní títì pa. Kò sí ẹnì kankan. Èmi tí mo ti jí láti òru, tí obì ń rọ lé lórí itan, tí wọ́n ní kí n wá fojú hàn, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Àǹtí Súrà ò tíì dé tó máa tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ọlọ́yẹ́lò yìí wá na ọwọ́, ó ń gba owó ẹ̀, ó tún ń wí dẹ̀dẹ̀.

Mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Mo ní, "Dẹ̀dẹ̀ ibo? A ti dé, o ṣì ń wí dẹ̀dẹ̀. Láti Ìgólò ni ẹ ti ń fi dẹ̀dẹ̀ pa mí. Ṣé ojú mi jọ ojú òmùgọ̀ ni?" Kò bínú, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ló ń dá kún ìbínú mi. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wí i jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rọ ẹṣin: dẹ̀dẹ̀, dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọdé ti yí wa ká.

Ohùn obìnrin kan wá dún lẹ́yìn mi, Rẹ́mọ ògidì, irú èyí tí ìyá bàbá mi ń sọ kí wọ́n tó kú. Mo yíjú. Màmá kúkúrú kan ló dúró pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, ẹja tútù nínú àpò ọ̀rá lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Ìyàwó, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó fẹ́ lọ jẹun."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Màmá Kútọnu rèé o. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, apẹ̀rẹ̀ obì dojú dé. Màmá bá ọlọ́yẹ́lò sọ èdè wọn, ó sọ tiẹ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Màmá wá yíjú sí mi. Wọ́n ní dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe pé èèyàn ti fẹ́ dé. Ní ọ̀dọ̀ àwọn ará ibí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ọmọ yẹn ń bẹ̀ mí pé kí n rọra kí n má bàa já bọ́ ni. Wọ́n ní, "Ìwọ náà pè mí. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́ tó kù, dẹ̀dẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Etí mi ti pẹ́ ní Kútọnu. Mo ní, ha, ọmọ tó ní ìfarabalẹ̀ rèé, ó ní kí n má kánjú, wọ́n ń rọra bọ̀. Ni mo bá lọ ra ẹja."

Àǹtí Súrà dé lórí alùpùpù tiwọn nígbà yẹn. Wọ́n wo obì nílẹ̀, wọ́n wo orúnkún mi nínú iyanrìn, wọ́n ní, "Ó ti ṣe é."

Láti ìgbà yẹn, mo ya odi lóòótọ́. Màmá se ẹja yẹn, wọ́n gbé àkàsà jáde, ẹ̀kọ tiwa náà ni, àmọ́ tiwọn tóbi, ó sì kan díẹ̀, pẹ̀lú ata tútù àti àlùbọ́sà tí wọn ò sè. Wọ́n jẹ obì bàbá mi, wọ́n yìn ín. Wọ́n bi mí léèrè gbogbo ará Ìpara tí mo mọ̀, àti àwọn tí mi ò mọ̀. Wọ́n ní ṣé mo mọ ìtumọ̀ zémìjàn? Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Gbé mi kíákíá." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọ̀rọ̀ Wàsíù? Wọn ò dá a sílẹ̀ rárá. Mò ń retí pé tó bá dalẹ́. Ó dalẹ́, wọ́n mú fóònù wọ yàrá, wọ́n pe ẹnì kan, wọ́n sùn.

Sátidé, mo ti múra Tọ́kpá láti àárọ̀. Màmá ní ká jẹun ná. A jẹun tán, wọ́n ní ká jẹ́ kí oòrùn rọlẹ̀. Oòrùn rọlẹ̀, wọ́n ní ta ló ń lọ ọjà nírú àkókò báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ sétí òkun. Ẹ rí i bí ètò mi ṣe ń lọ. Ká sọ tòótọ́, òkun yẹn dáa. Iyanrìn lọ títí ojú ò fi tó o mọ́, àgbọn wà létí ẹ̀, àwọn apẹja ń fa àwọ̀n, wọ́n ń kọrin, wọ́n fà á díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún fà á. Àǹtí Súrà jókòó ti ìyá kan tó ń yan ẹja, wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, wọ́n sì ń tàkúrọ̀sọ. Màmá na ẹsẹ̀ sínú iyanrìn. Mo jókòó ti wọn, mò ń wo ẹnu wọn. Tí wọ́n bá la ẹnu, ọkàn mi á fò. Wọ́n á ní, "Omi yẹn mà ga lónìí." Wọ́n á tún pa á dé.

Mi ò ya fọ́tò kankan. Ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ̀ ló máa ń ya fọ́tò? Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún bàbá mi. Mo tún ń ro Wàsíù. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò lè sọ pé èmi lòun fẹ́, kó lọ fẹ́ Màmá. Mo wí bẹ́ẹ̀ tán, mo sunkún. Àǹtí Súrà yí padà lórí ẹní, wọ́n fi ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

Sọ́ńdè, mọ́tò ti ń dúró síta. Màmá di gaàrí sínú àpò fún wa, wọ́n di ẹja yíyan, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n kí wa, wọ́n tún kí wa. Wọ́n ní ẹ kí ilé. Àǹtí Súrà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ lóòótọ́ o, àmọ́ ohùn mi ò kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ́ mi ni àbí ẹ ò fẹ́ mi?"

Àǹtí Súrà wá ẹsẹ̀ mi tì. Ó jìn sí wọn.

Màmá wò mí bí ẹni tí mo bi pé ọjọ́ wo la wà. Wọ́n ní, "Ṣé ìyàwó ni wọ́n máa ń fún lésì ni? Ẹni tó rán yín ni mo dá lóhùn. Láti alẹ́ Fráídè ni mo ti pe Wàsíù. O ò gbọ́?"

Mo ní mi ò gbọ́.

Wọ́n ní, "Mo ní òun tí mo tọ́ yìí, tí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, ó ń ro bóyá kó jẹ ẹ́. Ó nílò ẹni tó máa di ọrùn aṣọ ẹ̀ mú. Mo ní kó tètè gbé ẹ wọlé kó má di pé ẹlòmíràn gbé ẹ." Wọ́n mi orí. "Kò wá sọ fún ẹ. Mo tọ́ ọmọ yẹn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Bí a ṣe padà dé Ìdí-Ìrókò, bí a ṣe dé Ìlaró, mi ò lè sọ. Ẹjọ́ ni mò ń tò láti bodè dé Ṣàgámù. Àǹtí Súrà ń jẹ ẹja. Nígbà tí a sọ̀ ní páàkì, Wàsíù dúró níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó bá wa gbé ẹrù, ó ní ṣé a gbádùn. Mo bi í pé Màmá pè é ní Fráídè? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni wọ́n sọ? Ó ní wọ́n ní àwọn fẹ́ mi gan-an. Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ fún mi, ọjọ́ méjì gbáko tí mi ò sùn. Ó fara balẹ̀ jẹ ẹ̀pà ẹnu ẹ̀ tán. Ó ní, "Mo rò pé tó o bá dé, mo máa sọ fún ẹ."

Gbogbo ẹjọ́ tí mo tò, mi ò rí ọ̀kan lò. Mo kàn wò ó. Mo ti lọ sí ìlú mìíràn lọ dúró kí wọ́n wò mí, kò sí ìgbà kan tó wá sí mi lórí pé èmi náà ní ojú. Mo ní, "Wàsíù, Màmá ti rí mi, wọ́n ti wò mí tán. Èmi ni mi ò tíì rí ẹ." Mo ní kó wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé, kí ìyá mi wò ó.

Ó wá. Ó jẹun, ó kí gbogbo èèyàn, ó tún bá bàbá mi kó obì sínú apẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí pé kí ni ìyá mi sọ. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ló ń pè báyìí, òun tí kì í pè. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ìyá mi ti pe Màmá Kútọnu, wọ́n ti fún wọn lésì.